Ìgbóná: Bí Ó Ti Jẹ Ọba ní Ilẹ̀ Wa, àti Bí A Ti Lé E Lọ

Bí àwọn ọmọ ilé ìwé wa bá kíyè sí apá òkè àwọn bàbá àti ìyá wọn àgbà, lára ọ̀pọ̀ nínú wọn ni wọn yóò ti rí àpá róbótó kan tí ojú rẹ̀ jìn díẹ̀, tí ó sì ń dán. Kì í ṣe ilà, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ojú egbò. Kí ẹnikẹ́ni má sì ṣe ṣì í mú fún àpá abẹ́rẹ́ ikọ́ ẹ̀gbẹ, èyí tí a ń gún fún ọmọ ọwọ́ títí di ìsinsìnyí. Bupá ni àwọn àgbà ń pè é, nítorí pé wọn a máa bù ní apá ènìyàn díẹ̀ kí wọn tó fi oògùn sí i. Ẹni tí ó ní àpá náà ti kọjá lọ́wọ́ àrùn kan tí a kò lè rí mọ́ lára ẹnikẹ́ni ní gbogbo ayé. Àwọn tí ó fi ojú ara wọn rí àrùn náà ń dín kù lọ́dọọdún. Nítorínáà ni a ṣe rò pé ó yẹ kí a kọ ìtàn rẹ̀ sílẹ̀ fún ẹ̀yin olùkọ́ àti ẹ̀yin ọmọ ilé ìwé.

Ìgbóná tàbí ilẹ̀ gbígbóná ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pè é. Orúkọ tí ó jẹ́ gan-an, èyíinì ni Ṣànpọ̀nná, kì í ṣe ohun tí à ń pè ní gbangba, pàápàá ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn nígbà tí oòrùn bá kan àtàrí. Ọbalúayé ni wọn ń wí, tàbí Olóde, tàbí kí wọn kàn wí pé Baba, gẹ́gẹ́ bí ẹrú tí ń bẹ̀rù olówó rẹ̀. Ìbẹ̀rù náà kò sì ṣe lásán. Ẹni tí ó bá mí èémí tí ó ti ẹnu aláìsàn jáde, tàbí tí ó lo aṣọ àti ẹní rẹ̀, lè kó àrùn náà. Bí ọjọ́ 12 yóò kọjá tí ara onítọ̀hún yóò le bí ẹni pé kò sí nǹkan. Lẹ́yìn náà ni ibà líle yóò dé, orí yóò máa fọ́ ọ, ẹ̀yìn yóò máa ro ó, yóò sì máa bì. Lẹ́yìn ọjọ́ 2 tàbí 3 ni ara yóò bẹ̀rẹ̀ sí sú, ní inú ẹnu ṣáájú, lẹ́yìn náà ní ojú, ní apá àti ní ẹsẹ̀, títí dé àtẹ́lẹwọ́. Omi yóò kún inú èéwo wọ̀nyí, omi yóò di ọyún, ọyún yóò gbẹ, yóò sì di èépá. Nínú ènìyàn 10 tí irú rẹ̀ tí ó le bá mú, bí 3 ni ń kú. Àwọn tí ó yè a máa gbé ojú tí ó kún fún ihò kéékèèké dé ibojì wọn, ojú ẹlòmíràn a sì fọ́ pátápátá. Ní gbogbo ìgbà tí àrùn yìí fi wà láàrin ènìyàn, kò sí oògùn kan tí a mọ̀ dájú pé ó ń wò ó sàn. Oore kan ṣoṣo ni ó ní: ẹni tí ó bá ṣe é tí ó sì yè kì í sábà ṣe é mọ́.

Àwa oníwàásù ti fi í ṣe àṣà láti máa sọ̀rọ̀ bí ẹni pé kò sí ọgbọ́n kan nínú ohun tí àwọn baba wa ṣe sí àrùn yìí. A kò lè fi ọwọ́ sí ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a wò ó dáradára. Nígbà tí ìgbóná bá wọ ìlú, wọn a mú aláìsàn kúrò ní agbo ilé lọ sí ahéré nínú igbó. Ẹni tí ó ti ṣe é rí ni a ń fi tọ́jú rẹ̀. A kì í lu ìlù, a kì í sì pe àpèjọ, nítorí wọn ní Olóde kò fẹ́ ariwo. A kì í gbá ilẹ̀ bí ẹni ń gbá ọjà, kí eruku má baà sọ. Bí a bá yọ orúkọ òrìṣà kúrò nínú òfin wọ̀nyí, ohun tí ó kù kò jìnnà sí èyí tí dọ́kítà ń pa láṣẹ ní ilé ìwòsàn tí a kọ́ fún àrùn tí ń ràn. Ojú ni àwọn baba wa fi rí i pé àrùn náà ń tọ ọ̀nà láti ara ẹnì kan dé ara ẹnì kejì, bí wọn kò tilẹ̀ mọ ohun tí ń rìn ní ọ̀nà náà.

Ṣùgbọ́n apá kejì ń bẹ tí a kò gbọdọ̀ bò mọ́lẹ̀. Ẹni tí ìgbóná bá pa, a kì í sunkún rẹ̀; wọn ní ọba ni ó mú un lọ, ìdílé sì gbọ́dọ̀ dúpẹ́. Àwọn àwòrò ni ń gbé òkú náà sin, àwọn náà ni ó sì ń kó ẹrù rẹ̀. Aṣọ tí ó ti gba ọyún aláìsàn sára, tí ó yẹ kí iná jó, a bọ́ sí ọwọ́ wọn gẹ́gẹ́ bí ìní. Nígbà tí ogún òkú bá di ti ẹni tí ń tọ́jú aláìsàn, báwo ni a ó ṣe mọ̀ bóyá ó fẹ́ kí ó sàn? A kò sọ pé gbogbo àwòrò ni ó burú. Ó dá wa lójú pé àwọn kan nínú wọn fi òtítọ́ inú jókòó ti àwọn tí ìbátan wọn pàápàá ti sá fún. Síbẹ̀ ètò tí ó mú ikú di èrè kò lè ṣe kí ó má ba ọkàn ènìyàn jẹ́.

Òkìkí ìbẹ̀rù yìí pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi bá àwọn tí a kó lẹ́rú sọdá òkun. Ní ilẹ̀ Cuba, Babalú Ayé ni wọn ń pè é. Ní ilẹ̀ Bràsíìlì, Obaluaiê tàbí Omolu. Ní Cuba wọn so ó pọ̀ mọ́ Lásárù mímọ́, ogunlọ́gọ̀ ènìyàn sì ń rìn lọ sí ilé ìsìn kan ní El Rincón ní ọjọ́ 17 oṣù December lọ́dọọdún láti san ẹ̀jẹ́ wọn. Àwọn tí ó mọ Bíbélì wọn yóò ṣàkíyèsí pé Lásárù tí ó wà nínú àwòrán wọn, tí ó kún fún egbò, tí ajá sì yí i ká, ni Lásárù inú òwe Olúwa wa nínú ìwé Lúùkù, kì í ṣe arákùnrin Màtá àti Màríà.

Kí a tó padà sí ilẹ̀ wa, ó yẹ kí a sọ̀rọ̀ ẹrú mìíràn. Ní ìlú Boston ní Amẹ́ríkà, àlùfáà kan wà tí ń jẹ́ Cotton Mather. Ní 1706 ìjọ rẹ̀ ta á lọ́rẹ ọkùnrin aláwọ̀ dúdú kan tí a mú wá láti Áfíríkà, ó sì sọ ọ́ ní Onesimus, orúkọ ẹrú tí Pọ́ọ̀lù kọ̀wé nítorí rẹ̀ sí Fílémónì. Nígbà tí Mather bi í bóyá ó ti ṣe ìgbóná rí, ọkùnrin náà dáhùn pé ó ti ṣe é, kò sì ṣe é. Ó ṣàlàyé pé ní ilẹ̀ àwọn, a máa ń sín ènìyàn ní gbẹ́rẹ́, a ó sì fi ọyún ẹni tí ìgbóná ń ṣe sí i. Ìgbóná fẹ́ẹ́rẹ́ a mú un, èyí tí ó le kò sì ní í mú un mọ́ láé. Ó fi àpá rẹ̀ hàn án. Ní 1721 ìgbóná kọlu Boston, ó ju 5,000 ènìyàn lọ tí ó mú, 844 sì kú. Mather rọ àwọn dọ́kítà, ẹnì kan ṣoṣo nínú wọn ni ó gbà, Zabdiel Boylston; ó ṣe é fún bí ènìyàn 240, 6 péré ni ó kú nínú wọn. Àwọn ará ìlú bínú sí wọn, wọn tilẹ̀ ju àdó olóró wọ ilé Mather. Lára ohun tí wọn fi ń takò ó ni pé ọ̀rọ̀ ẹrú dúdú kò yẹ ní ohun tí ọmọlúàbí òyìnbó ń gbọ́.

Edward Jenner, dọ́kítà ní ìgbèríko ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni ó rí ọ̀nà tí ó dára ju èyí lọ. Ó gbọ́ lẹ́nu àwọn ará oko pé ọmọbìnrin tí ń fún wàrà, bí ìgbóná màlúù bá ti ran ọwọ́ rẹ̀, ìgbóná ènìyàn kì í mú un. Ní ọjọ́ 14 oṣù May, 1796, ó mú oje láti ọwọ́ ọmọbìnrin kan bẹ́ẹ̀, ó sì fi sí apá ọmọkùnrin ọlọ́dún 8 kan, James Phipps. Lẹ́yìn náà ó fi ìgbóná gidi sí ọmọ náà lára, kò sì mú un. (Dọ́kítà kan kò gbọdọ̀ dán irú èyí wò lára ọmọ ẹlòmíràn lónìí.) Láti inú ìwà yìí ni bupá ti wá.

Nísinsìnyí a dé ọ̀dọ̀ ọmọ ilẹ̀ wa tí a rò pé orúkọ rẹ̀ kò hàn tó ní ilé ìwé wa. Ògúntọ́lá Sapara ni. A bí i ní Freetown ní ilẹ̀ Sàró ní 1861, nínú ìdílé Ìjẹ̀ṣà tí òwò ẹrú gbé dé ibẹ̀. Williams ni wọn ń jẹ́ ní Sàró. Òun ni ó fi orúkọ àwọn baba rẹ̀ rọ́pò rẹ̀, ó sì fẹ́ràn láti máa wọ agbádá ní àkókò tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Èkó ń fi kóòtù dúdú laagun nínú oòrùn. Ọmọ ọdún 15 ni nígbà tí wọn mú un wá sí Èkó ní 1876. Ó kọ́ iṣẹ́ ìtẹ̀wé, ó sì ṣe iṣẹ́ apoògùn, kí ó tó lọ sí Lọ́ńdọ̀nù láti kọ́ ìṣègùn ní ilé ìwòsàn St Thomas'. Ní 1895 ó gba ìwé ẹ̀rí rẹ̀, ní 1896 ó sì wọ iṣẹ́ ìjọba ní Èkó.

Kò pẹ́ tí ìgbóná bẹ́ sílẹ̀ ní Ẹ̀pẹ́. Wọn ṣe bupá fún àwọn ènìyàn, síbẹ̀ àrùn náà ń pa wọ́n. Sapara fura pé ọwọ́ ènìyàn wà nínú rẹ̀. Dípò kí ó jókòó sí ọ́fíìsì kí ó kọ ìwé sí gómìnà, ó wọ inú ẹgbẹ́ awo àwọn àwòrò Ṣànpọ̀nná, gẹ́gẹ́ bí ọ̀kan nínú wọn. Ẹni tí ó bá mọ bí awo ti rí ní ìgbà náà yóò mọ̀ pé ẹ̀mí rẹ̀ ni ó fi lélẹ̀. Ohun tí ó rí níbẹ̀ ni pé àwọn kan a máa ha èépá lára aláìsàn, wọn a sì fi í ran ẹni tí wọn bá fẹ́ kí àrùn náà mú. Ó tú àṣírí yìí fún ìjọba, ní 1907 sì ni òfin jáde tí ó ka bíbọ Ṣànpọ̀nná léèwọ̀.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ a máa bèèrè bóyá ó tọ́ kí ènìyàn wọ awo kí ó sì tú u. Ìbéèrè tí ó yẹ ni, a kò sì fẹ́ kí olùkọ́ fi ìpariwo dáhùn rẹ̀. Ohun tí àwa rò ni pé a kò bá Ráhábù wí nítorí ohun tí ó sọ fún àwọn ìránṣẹ́ ọba Jẹ́ríkò, bẹ́ẹ̀ ni ìdákẹ́jẹ́ ẹni tí ó mọ ibi tí ikú ti ń wá kì í ṣe òtítọ́. Ẹ tún wo ohun ìyanu kan: èépá àti ọyún tí a fi ń pa ènìyàn ní Ẹ̀pẹ́ ni irú ohun tí Onesimus fi gba ènìyàn là ní Boston. Ọwọ́ tí ó dì í mú, àti ohun tí ọwọ́ náà ń wá, ni ó yàtọ̀.

Òfin kò lé ìgbóná lọ. Àwọn tí ń bọ òrìṣà náà tẹ̀ síwájú ní ìkọ̀kọ̀ lábẹ́ orúkọ mìíràn, àwọn aláìsàn tí wọn sì ń fi pamọ́ nítorí ìbẹ̀rù ọlọ́pàá a máa ran ẹlòmíràn. Oje bupá pàápàá kì í fara da oòrùn wa. Ohun tí ó dára nígbà tí ó kúrò ní Èkó lè ti bàjẹ́ kí ó tó dé ìlú òkè. Ní àwọn ọdún 1950 ni wọn rí ọ̀nà láti gbẹ ẹ́ dáradára kí ó lè pẹ́ nínú ooru. Ṣùgbọ́n oògùn tí kò bàjẹ́ ṣì nílò ẹni tí yóò gbé e dé ilé àwọn ènìyàn, tí yóò sì jókòó tì wọ́n bí ibà bá dé.

Èyí mú wa dé orí iṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Ilé ìwòsàn St Thomas' kan náà tí Sapara ti kọ́ ìṣègùn ni Florence Nightingale dá ilé ẹ̀kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì sílẹ̀ sí ní 1860, lẹ́yìn tí ó ti tọ́jú àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì ní Scutari láti 1854. Ṣáájú rẹ̀, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pàápàá, iṣẹ́ ẹni tí kò rí iṣẹ́ mìíràn ṣe ni wọn ka ìtọ́jú aláìsàn sí. Ní ilẹ̀ wa, àwọn ìjọ ni ó ṣáájú nínú iṣẹ́ yìí ní ọ̀pọ̀ ìlú. Àwọn Àgùdà dá ilé ìwòsàn Sacred Heart sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta ní 1895, a sì gbọ́dọ̀ fún wọn ní ọlá tí ó tọ́ sí wọn bí a kò tilẹ̀ jọ ń kírun sí ibì kan náà.

Ẹni tí a fẹ́ kí àwọn ọmọbìnrin ilé ìwé wa mọ̀ ni Kofoworọlá Àbẹ̀ní Pratt. Ilé ìwé ìjọ wa, CMS Girls' School ní Èkó, ni ó ti kẹ́kọ̀ọ́. Ó kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ ní United Missionary College ní Ìbàdàn, ó sì padà wá ṣe olùkọ́ ní ilé ìwé tí ó ti jáde. Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni ọkàn rẹ̀ fẹ́ láti ìgbà èwe, ṣùgbọ́n bàbá rẹ̀ kò fẹ́ ẹ, nítorí pé ní ìgbà náà àwọn òyìnbó nìkan ni ń wà ní ipò gíga nínú iṣẹ́ náà ní ilé ìwòsàn ìjọba. Ní 1946 ó lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí ọkọ rẹ̀ ti ń kọ́ ìṣègùn, ó sì wọ ilé ẹ̀kọ́ Nightingale ní St Thomas'. Aláìsàn kan wà níbẹ̀ tí ó kọ̀ kí ọwọ́ dúdú tọ́jú òun. Ó fara dà á, ó sì parí ẹ̀kọ́ rẹ̀. A ń kà á sí ọ̀kan nínú àwọn aláwọ̀ dúdú tí ó kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì lábẹ́ ètò ìlera tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì dá sílẹ̀ ní 1948. Ní 1954 ó padà sí Nàìjíríà, sí ilé ìwòsàn UCH ní Ìbàdàn, ní 1964 ó sì di ọmọ Nàìjíríà kìn-ín-ní tí ó jẹ́ olórí àwọn nọ́ọ̀sì níbẹ̀.

Ohun tí bàbá rẹ̀ rò kò tíì tán nínú ọkàn àwọn òbí. A máa ń gbọ́ ọ lẹ́nu wọn pé, "Ṣé ọmọ mi yóò máa nu ìgbẹ́ ẹlòmíràn?" Ẹni tí ó bá bèèrè bẹ́ẹ̀ kò tíì dùbúlẹ̀ àìsàn rí. Kì í ṣe iṣẹ́ aláìmọ̀wé mọ́ pẹ̀lú: ní Nàìjíríà lónìí, ẹni tí yóò wọ ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì gbọ́dọ̀ yege dáradára nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì, ìṣirò, Biology, Chemistry àti Physics. Bí olùkọ́ bá ní ọmọ tí ọwọ́ rẹ̀ tutù, tí ọkàn rẹ̀ le, tí kò sì bẹ̀rù ìṣirò, kí ó sọ̀rọ̀ iṣẹ́ yìí fún un kí ó tó yan ìmọ̀ tí yóò kọ́. Bí ó jẹ́ ọkùnrin pàápàá, kò burú.

Ní oṣù January, 1967, iṣẹ́ ńlá bẹ̀rẹ̀ ní 20 ilẹ̀ ní ìwọ̀ oòrùn àti àárín Áfíríkà, láti lé ìgbóná lọ pátápátá. Ṣùgbọ́n ní oṣù December, 1966, àrùn náà ti bẹ́ sílẹ̀ ní agbègbè Ògójà, oògùn tí ó wà nílẹ̀ kò sì tó fún gbogbo ènìyàn. William Foege, dọ́kítà tí ó ti ṣiṣẹ́ míṣọ́nnárì ní ìhà ibẹ̀, ní ọgbọ́n kan. Àwọn míṣọ́nnárì ní ẹ̀rọ rédíò tí wọn fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ ní alẹ́. Ó ní kí wọn rán oníṣẹ́ sí gbogbo abúlé láti bèèrè ibi tí ìgbóná wà. Ibi tí ó wà nìkan, àti ibi tí àwọn ará ibẹ̀ ń lọ ná ọjà, ni wọn ti bupá. Àrùn náà kú níbẹ̀ bí iná tí a gé igbó yí ká. Ọ̀nà yìí ni wọn wá ń tọ̀ káàkiri ayé.

Ó dùn wá láti sọ ohun tí ó tẹ̀lé e. Ní 1967 ìgbóná tún bẹ́ sílẹ̀ ní Abakaliki. Ènìyàn 32 ni ó mú, àti pé àfi díẹ̀, ọmọ ìjọ Kristi kan náà ni gbogbo wọn, ìjọ tí ń kọ́ni pé ẹni tí ó gbàgbọ́ kò gbọdọ̀ gba oògùn tàbí bupá. Àwọn ará ìlú yòókù ti gbà á. Àwòrò tí ń fi aláìsàn pamọ́ fún òrìṣà, àti oníwàásù tí ń ka bupá léèwọ̀ ní orúkọ Jésù, àwa kò rí ìyàtọ̀ tí ó tó nǹkan láàrin wọn. Lúùkù tí a ń ka ìwé rẹ̀ ní ilé Ọlọ́run, oníṣègùn ni, Pọ́ọ̀lù sì pè é ní olùfẹ́.

Oṣù May, 1970, ni a rí ìgbóná kẹ́yìn ní Nàìjíríà. Ní 8 oṣù May, 1980, àpéjọ Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde ní Geneva pé ó ti tán ní ayé. Àárín ọjọ́ méjèèjì yìí ni Ali Maow Maalin wà, ẹni ìkẹyìn tí ìgbóná mú láìṣe láti inú ilé ìwádìí. Alásè ni ní ilé ìwòsàn kan ní Merca, ní ilẹ̀ Somalia, ó sì ti yẹra fún bupá nítorí pé ó bẹ̀rù ìrora. Ní oṣù October, 1977, ó wọ ọkọ̀ pẹ̀lú àwọn ọmọ méjì tí ìgbóná ń ṣe, láti júwe ọ̀nà fún awakọ̀; ìṣẹ́jú díẹ̀ ni ó lò nínú ọkọ̀ náà. Ó yè. Nígbà tí ó ṣe, ó di ọ̀kan nínú àwọn tí ń lọ láti ilé dé ilé láti rọ àwọn ìyá kí wọn jẹ́ kí ọmọ wọn gba àjẹsára àrùn rọpárọsẹ̀, ìtàn ara rẹ̀ ni ó sì ń sọ fún àwọn tí ó bá kọ̀. Lẹ́nu iṣẹ́ náà ni ó wà ní 2013 nígbà tí ibà mú un, ibà náà sì ni ó pa á.